Ta Ni Ó Pa Fahmi?

Bí ènìyàn bá ka Bayn al-Qasrayn, ìwé ìtàn àròsọ tí Naguib Mahfouz ti ilẹ̀ Íjíbítì kọ, tí ó sì pa ìwé náà dé, ìbéèrè kan ni kì í kúrò lọ́kàn rẹ̀ bọ̀rọ̀: ta ni ó pa Fahmi? Ìdáhùn ojú ayé kò ṣòro. Ìbọn àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ni ó pa á, ní ìlú Káírò, ní oṣù kẹrin ọdún 1919, níbi ìwọ́de ayọ̀ tí àwọn aláṣẹ fúnra wọn gbà láàyè. Àwọn ènìyàn ń yọ̀ pé wọ́n ti dá Sa'd Zaghlul, aṣíwájú wọn, sílẹ̀ ní ìgbèkùn ni ìbọn bá dún. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jẹ́ kí á má tètè gba ìdáhùn yìí. Kí ọta ìbọn tó bá ọmọkùnrin náà, ọ̀rọ̀ ti pọ̀ nínú ilé tí ó ti jáde wá. Ọ̀rọ̀ inú ilé ọ̀hún ni a fẹ́ yẹ̀ wò.

Mahfouz, tí wọ́n bí ní Káírò ní 1911, tí ó sì kú ní 2006, ni òǹkọ̀wé èdè Lárúbáwá àkọ́kọ́ tí ó gba ẹ̀bùn Nobel, ní 1988. Ìwé tí à ń wí yìí jáde ní 1956. Méjì mìíràn, Qasr al-Shawq àti al-Sukkariyya, tẹ̀ lé e ní 1957. Orúkọ àdúgbò ní Káírò àtijọ́ ni orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìdílé kan ṣoṣo ni ìtàn wọn dá lé, láti 1917 títí di 1944. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kà wọ́n gẹ́gẹ́ bí ìtàn bí Íjíbítì ṣe jà fún òmìnira, a kò sì bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ohun tí ó mú kí àwọn ẹ̀dá ìtàn yìí dà bí ẹni tí a lè bá pàdé lọ́jà ni pé kò sí ohun ńlá tí wọ́n ṣe níta tí okùn rẹ̀ kò so mọ́ ohun kékeré kan nínú ilé.

Baálé ilé náà ni Ahmad Abd al-Jawad, oníṣòwò tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní òpópónà al-Nahhasin. Àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ kì í gbójú sókè wò ó nídìí oúnjẹ òwúrọ̀. Ó di ìgbà tí ó bá kọ́kọ́ na ọwọ́ kí tiwọn tó dé inú àwo. Amina aya rẹ̀ kì í jáde àfi bí wọ́n bá ń lọ kí ìyá obìnrin náà, ọkọ gan-an ni yóò sì mú un lọ. Ní òròòru ni obìnrin yìí ń jí láti gbé fìtílà dúró dè é lẹ́nu àtẹ̀gùn. Níbo ni bàbá ti ń bọ̀? Láti àwùjọ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni, níbi tí ó ti ń mu ọtí, tí ó ń lu ìlù ọwọ́, tí ó ń pa gbogbo wọn lẹ́rìn-ín, tí ó sì ń bá àwọn obìnrin olórin ṣe wọlé-wọ̀de. Àwọn baba wa ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọkùnrin yìí kó gbogbo ẹ̀ṣọ́ ròde, kò ṣẹ́ nǹkankan kù fún àwọn ará ilé.

Àwọn kan nínú wa lè sọ pé Mahfouz fi ilé Mùsùlùmí ṣe yẹ̀yẹ́. N kò rí i bẹ́ẹ̀. Bí baba yìí bá dìde kírun ní àárọ̀, tọkàntọkàn ni ó fi ń kí i, òǹkọ̀wé sì jẹ́ kí ó hàn bẹ́ẹ̀. Alágàbàgebè inú eré orí ìtàgé máa ń mọ̀ pé irọ́ ni òun ń pa. Ahmad kò mọ̀. Ọ̀tọ̀ ni ojú tí ó gbé síwájú Ọlọ́run, ọ̀tọ̀ ni èyí tí ó gbé síwájú ọ̀rẹ́, ọ̀tọ̀ ni èyí tí ó gbé síwájú ọmọ, kò sì sí ọjọ́ kan tí ó bi ara rẹ̀ léèrè bí ojú mẹ́ta ṣe wà lórí ẹnìkan ṣoṣo. Ibi tí ìfìwàwẹ̀dá Mahfouz ti dùn mọ́ mi jù nìyẹn.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó Aisha. Ọ̀gá ọlọ́pàá kan ránṣẹ́ pé òun fẹ́ ẹ. Baba kọ̀. Ó ní Khadija ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò tíì lọ sílé ọkọ, àbúrò kò sì gbọdọ̀ ṣáájú. Ìdí yìí dára létí. Ṣùgbọ́n ìdí tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ni pé ó ń fura pé ọkùnrin náà ti fojú kan ọmọ òun, àti pé lójú tirẹ̀, ẹni tí yóò bá fẹ́ ọmọ òun gbọ́dọ̀ wá nítorí àtidi àna òun ná. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, opó ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, tí ó jẹ́ ẹni ọ̀wọ̀, wá tọrọ Aisha kan náà fún ọmọkùnrin tirẹ̀, Khalil Shawkat. Khadija ṣì wà nílé. Baba gbà. Òfin kò yí padà. Ẹni tí ó bẹ̀bẹ̀ ni ó yí padà.

Ìgbà tí Amina wà ní ìgbèkùn nílé ìyá rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, mo sì ní láti sọ bí ó ṣe dé ibẹ̀. Ọkọ rẹ̀ rin ìrìn-àjò lọ sí Port Said, àwọn ọmọ bá rọ ìyá wọn pé kí ó jáde lọ kí mọ́ṣáláṣí al-Husayn tí ó ti ń wò láti orí òrùlé láti ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Ó lọ, mọ́tò kọ lù ú, eegun èjìká rẹ̀ ṣẹ́. Àwọn ọmọ ti hun irọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ dé, kò lè pa á fún un. Ọkọ dákẹ́. Ó dúró títí eegun fi san, ó tó wá ní kí ó máa lọ sílé wọn. Ìbínú tí ó lè dúró de ìwòsàn, ó bani lẹ́rù ju ìbínú ojú ẹsẹ̀ lọ.

Irú ilé báyìí ni Fahmi ti dàgbà. Akẹ́kọ̀ọ́ òfin ni, ọmọ tí ìwà rẹ̀ tutù. Ó fẹ́ràn Maryam, ọmọ aládùúgbò wọn, ó sì bẹ ìyá rẹ̀ pé kí ó bá òun sọ fún bàbá. Baba fi ìbínú kọ̀: ọmọ tí kò tíì jáde ilé ìwé! Fahmi kò fèsì. Nígbà tí ìjà òmìnira bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta 1919, ó dara pọ̀ mọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń pín ìwé ìkéde. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì wá pàgọ́ síwájú ilé wọn, Kamal àbíkẹ́yìn sì ń bá wọn ṣeré. Ní ọjọ́ kan, bí wọ́n ti ń mu kọfí pẹ̀lú ìyá wọn, ọmọdé yìí sọ láìmọ̀ pé òun rí Maryam lójú fèrèsé, tí ó ń rẹ́rìn-ín sí Julian, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ogun náà. Mahfouz kò sọ pé nítorí èyí ni Fahmi fi ń jà. Ó ti ń jà tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, ọ̀tá ìlú àti ẹni tí ó gba ìfẹ́ rẹ̀ ti di ẹnìkan náà lójú òǹkàwé, ta ni yóò sì tún lè yà wọ́n lọ́tọ̀?

Baba náà fẹ́ràn ìlú rẹ̀. Ó fi owó ṣèrànwọ́, ó fọwọ́ síwèé fún Sa'd Zaghlul. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ tirẹ̀ ni kò fẹ́ fi kún un. Nígbà tí ó mọ ohun tí Fahmi ń ṣe, ó gbé Kùránì síwájú rẹ̀ pé kí ó búra pé òun yóò jáwọ́. Fahmi sunkún, ṣùgbọ́n kò búra. Àkọ́kọ́ nìyí tí ọmọ kan nínú ilé yẹn yóò kọ ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu lójúkojú. Láti ibo ni ọmọ onítìjú yìí ti rí agídí? Ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ náà ni. Ohun tí ẹkùn bá bí, ẹkùn ni yóò jọ.

Ìtìjú mìíràn tún ń jẹ Fahmi lọ́kàn: àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kú, wọ́n ṣẹ̀wọ̀n, wọ́n fara gbọgbẹ́, òun sì ń bọ̀ wálé ní àlàáfíà lójoojúmọ́ nítorí pé nígbà tí ìbọn bá dún, òun a máa sá. Èyí ni àwọn olùfẹ́ ìlú kan kò fẹ́ gbọ́. Wọ́n ní bí akọni bá ní ìfẹ́ tó já, tí ó ní ẹ̀rù, tí ó tún ń wá ojúrere bàbá, akọni náà ti rẹlẹ̀. Mo lòdì sí wọn pátápátá. Akọni tí kò ní ìdí kankan ju ìlú rẹ̀ lọ kò pàdánù ohunkóhun nígbà tí ó kú. Fahmi ní ohun púpọ̀ láti pàdánù, a sì ti mọ̀ wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Àríwísí mi kan wà. Nínú ìwé kejì, Mahfouz fi àìsàn kan ṣoṣo gba ọkọ Aisha àti àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjèèjì. Nínú ìkẹta, ọmọbìnrin tí ó kù kú sórí ìkúnlẹ̀. Kò sí ìwà Aisha tí ó fa èyí, kò sì sí okùn ẹbí tí ó so mọ́ ọn. Ọwọ́ òǹkọ̀wé ni a rí níbẹ̀. Ó dára ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí ó fi àwọn ọmọ Khadija méjì hàn wá: ìyá kan, bàbá kan, ilé kan, síbẹ̀ ọ̀kan di ọmọ ẹgbẹ́ Ikhwan, èkejì di kọ́múníìsì, wọ́n sì kó àwọn méjèèjì sí àtìmọ́lé pọ̀. Ẹbí kan náà, ìdí ọkàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Kí a padà sí Fahmi. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ikú rẹ̀, ó wọlé tọ bàbá rẹ̀, ó fẹnu ko ọwọ́ rẹ̀, ó tọrọ àforíjì fún ìbúra tí kò ṣe. Baba dárí jì í. Pẹ̀lú ayọ̀ àforíjì yìí ni ó fi jáde lọ síbi ìwọ́de. Ní ọ̀sán, ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta wọ ṣọ́ọ̀bù Ahmad wá tú ọ̀rọ̀ fún un. Ó dìde, ó ń rìn lọ sílé, ó ń ro bí òun yóò ṣe sọ ọ́ fún Amina, ẹni tí kò gba ìmọ̀ràn rẹ̀ rí láyé. Bí ó ti dé ẹnu ọ̀nà, ohùn Kamal ni ó gbọ́ láti inú ilé. Ọmọdé náà ń kọrin.