Ibojì Ọba Wo Ni? Àgbéyẹ̀wò Ìwé Manolis Andronikos Lórí Vergina

Ìlú Fílípì tí a ń wàásù nípa rẹ̀ láti inú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 16 ń jẹ́ orúkọ ọba Makedóníà, Filipi Kejì, bàbá Alexander. Ní 1977, awalẹ̀pìtàn Andronikos rí ibojì kan tí olè kò jà ní Vergina. Ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1984 sọ pé ibojì ọba yìí ni.

Ó ṣàpèjúwe ohun tó bá níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: àpótí wúrà tí eegun sísun wà nínú rẹ̀, ìgbàyà onírin, orí kéékèèké tí a fi eyín erin gbẹ́. Iṣẹ́ olóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ibojì ọba ni àwọn ohun wọ̀nyí jẹ́rìí sí. Orúkọ ọba náà kò hàn lára wọn. Níbẹ̀ ni Andronikos ti kánjú. Àwọn ọ̀mọ̀wé mìíràn ní Arrhidaeus, ọmọ Filipi, ló wà níbẹ̀. Ní 2015, àwọn kan tọ́ka sí eegun orúnkún tó bàjẹ́ nínú ibojì mìíràn nítòsí, wọ́n ní ti Filipi nìyẹn, torí ọgbẹ́ ogun ti ba ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́.

Síbẹ̀, bí kò bá to ẹ̀rí rẹ̀ sílẹ̀ kedere, ta ni ìbá lè bá a jiyàn? Ẹ̀yin ará nínú iṣẹ́ ìránṣẹ́, ẹ jẹ́ ká kọ́ ìyẹn lára rẹ̀. Bí a bá fẹ́ fi ohun tí wọ́n wú nílẹ̀ ti ìwàásù wa lẹ́yìn, ká kọ́kọ́ sọ ohun tí wọ́n rí, ká tó sọ èrò wa nípa rẹ̀. Ẹni tó bá pa méjèèjì pọ̀ ń gbé ìgbàgbọ́ ìjọ ka orí ohun tí ìwádìí ọ̀la lè wó.