Iṣẹ́ Ọnà Ìkọ́ni ní Ìlera Àdúgbò

Ẹ̀kọ́ ìlera wà lára ohun tí ìpàdé àgbáyé lórí ìlera tó wáyé ní Alma-Ata lọ́dún 1978 kà sí ìpìlẹ̀ ìtọ́jú ìlera alábọ́ọ́dé. Ní Nàìjíríà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, mínísítà ìlera láti 1985 sí 1992, ló tan ètò náà dé àwọn ìjọba ìbílẹ̀.

Ọdún 2 ni òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò kékeré, JCHEW, fi ń kọ́ṣẹ́. Ọdún 3 ni ti àgbà, CHEW. Yàtọ̀ sí ìtọ́jú àìsàn, wọ́n ń kọ́ bí a ṣe ń wọ ìlú: kí wọ́n kọ́kọ́ kí baálẹ̀ àti ìyálọ́jà, kí wọ́n béèrè ohun tí àwọn ará àdúgbò mọ̀ kí wọ́n tó sọ tiwọn. Wọn kì í fi ẹnu lásán ṣàlàyé bí a ṣe ń po ORS, iyọ̀ àti ṣúgà tí a ń pò mọ́ omi, fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru. Wọ́n á pò ó lójú ìyá ọmọ, ìyá náà á sì pò ó lójú wọn.

Ní Ìbà, Ọ̀jọ́ àti Òkókómáíkò ní ìpínlẹ̀ Èkó, Àwórì, Ègùn, Ìgbò àti Haúsá jọ ń gbé pọ̀. Òṣìṣẹ́ tó bá fẹ́ kí wọ́n lo àwọ̀n ẹ̀fọn, kí wọ́n sì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, ní láti mọ èdè àti ìbẹ̀rù oníkálukú. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò.

Iṣẹ́ ńlá ni iṣẹ́ yìí. Kí ìjọba máa gba àwọn tó kọ́ ọ síṣẹ́, kí àwa ará ìlú sì ṣílẹ̀kùn fún wọn.