Ta Ló Kọ́lé Twitter?

Bí wọ́n bá ń sọ ìtàn bí Twitter ṣe gbilẹ̀, oṣù kẹrin ọdún 2009 ni mo máa ń gbọ́ lẹ́nu wọn. Ashton Kutcher, òṣèré fíìmù ní Amẹ́ríkà, àti ilé-iṣẹ́ ìròyìn CNN ń du ẹni tí yóò kọ́kọ́ ní mílíọ̀nù kan ọmọlẹ́yìn. Òṣèré ló borí. Lọ́jọ́ kan náà, Oprah Winfrey kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ síbẹ̀ lórí ètò tẹlifíṣọ̀n rẹ̀.

Mi ò jiyàn pé gbajúmọ̀ ń pe èrò. Ṣùgbọ́n èrò tó wá wòran kì í pẹ́ túká bí kò bá rí nǹkan ṣe. Ta ló pèsè nǹkan náà? Chris Messina, tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ Twitter, ló dábàá àmì # ní oṣù kẹjọ ọdún 2007, kí a lè máa fi kó ọ̀rọ̀ tó jọra pọ̀. Fífi @ ṣáájú orúkọ ẹni tí à ń dá lóhùn náà, àwọn tó ń lò ó ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí ilé-iṣẹ́ tó gbà á wọlé. Àmì # yìí kan náà ni àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà fi ké #EndSARS débi tí ayé fi gbọ́ ní 2020.

Àléébù tí mo rí nínú ìtàn náà nìyí: ó gba iyì lọ́wọ́ ẹni tó kọ́lé, ó gbé e fún àlejò tó wá bá wọn ṣílé. Ẹni tó bá fẹ́ dá irú ìkànnì bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lónìí, kó má kàn náwó fún gbajúmọ̀. Kó máa ṣọ́ ohun tí àwọn aláìlórúkọ ń fọwọ́ ara wọn ṣe níbẹ̀.