Àmì Ohùn Yorùbá Nínú Kọ̀ǹpútà: Àyẹ̀wò Ìlànà Unicode

Àkọtọ́ Yorùbá kò pé láìsí àmì ohùn. Àmì ni ó ya ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ sọ́tọ̀. Láti ìpàdé àkọtọ́ ti Èkó ní ọdún 1875 títí dé àkọtọ́ òde òní ti ọdún 1974 ni àwọn onímọ̀ ti ń tún ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò. Lórí kọ̀ǹpútà, Unicode, ìlànà tí ó ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ìdánimọ̀, ni ó kù kí a yẹ̀ wò.

Ẹ jẹ́ kí a fi Onígbòǹgbò, àdúgbò kan ní agbègbè Ìkẹjà, ṣe àpẹẹrẹ. Tí a bá kọ ọ́ láìsí àmì, òǹkàwé kò ní mọ̀ bóyá aránmúpè asesílébù ni n inú rẹ̀, tàbí fáwẹ́lì aránmúpè ni a fẹ́ pè. Unicode kò ṣẹ orúkọ yìí: í, ò àti ǹ ní nọ́ńbà tiwọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìkẹjà náà kò ní ìṣòro, nítorí ohùn àárín ni ó wà lórí ẹ. Ṣùgbọ́n bí a bá dé Ìjẹ̀bú tàbí Ọ̀yọ́, ọ̀rọ̀ yí padà. Kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ẹ̀ tàbí ọ́. Lẹ́tà ọ (1ECD) ni a ó kọ́kọ́ tẹ̀, kí a tó fi àmì ohùn òkè (0301) lé e.

Àwọn kan ka èyí sí ìyànjẹ, nítorí pé ệ ti èdè Vietnam ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ẹ̀sùn yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n kò dé gbòǹgbò ọ̀rọ̀. Unicode kì í gba irú lẹ́tà alámì bẹ́ẹ̀ wọlé mọ́, bí a bá ti lè fi àwọn èyí tí ó wà nílẹ̀ kọ ọ́. Àmì fáwẹ́lì àwọn Chakma ti Bangladesh àti Íńdíà, tí ìkọ̀wé wọn wọ Unicode ní ọdún 2012, náà dá dúró ni, tí a sì ń so ó mọ́ lẹ́tà.

Ibòmíràn ni ìṣòro gan-an wà. Ẹnì kan lè fi ohùn òkè lé ọ. Ẹlòmíràn lè fi àmì ìsàlẹ̀ sí ó. Ojú kò rí ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n ètò kọ̀ǹpútà tí kò bá mú méjèèjì bára mu yóò kà wọ́n sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tí ó fi ìlà kékeré rọ́pò àmì tóótó sì tún dá kún un, nítorí Unicode kò ka àwọn wọ̀nyí sí ọ̀kan náà. Báyìí ni akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń wá ọ̀rọ̀ nínú iṣẹ́ ara rẹ̀ tí kò rí i.

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Olùkọ́ tí ó ń gé máàkì nítorí àmì ohùn, tí ìwé tí òun fúnra rẹ̀ tẹ̀ kò sì ní àmì, kò ní ẹjọ́ tí yóò bá Unicode rò. Ó yẹ kí kíláàsì àkọtọ́ máa kọ́ni ní títẹ àmì bí ó ṣe ń kọ́ni ní fífi ọwọ́ kọ ọ́.