Kẹ̀kẹ́ Tó Wu Wadjda, Ṣé Ó Bá A Mu?

Ríyàlì 800 ni iye kẹ̀kẹ́ aláwọ̀ ewé tí ọmọdébìnrin kan rí ní Riyadh tí ọkàn rẹ̀ kò kúrò lára rẹ̀ mọ́. Gbogbo fíìmù Wadjda, tí Haifaa al-Mansour gbé jáde lọ́dún 2012, ló rọ̀ mọ́ owó yẹn: bí ọmọ náà ṣe ń hun ẹ̀gbà ọwọ́ tà nílé-ìwé, bó ṣe ń gbowó kó tó jíṣẹ́ fún àwọn tó jù ú lọ, bó ṣe forúkọ sílẹ̀ fún ìdíje kíké Kùránì nítorí ẹ̀bùn ríyàlì 1,000 tó wà níbẹ̀. Àwa tí à ń gbé ní Wadata, àdúgbò ọlọ́jà ní Niamey, kò sẹ́ni tó máa ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ fún wa. Ẹni tó bá ti kiri ọjà rí mọ̀ ọ́n.

Òun ni fíìmù gígùn àkọ́kọ́ tí wọ́n yà látòkè délẹ̀ ní Sáúdì Arábíà, obìnrin ilẹ̀ náà ló sì darí rẹ̀. Ní àwọn àdúgbò tí kò ti bójú mu kí obìnrin máa pàṣẹ fún ọkùnrin níta gbangba, inú ọkọ̀ ni al-Mansour jókòó sí, tó ń fi wokitókì bá àwọn òṣèré sọ̀rọ̀. Wọ́n ti ti ilé sinimá pa nílùú náà fún bí ọgbọ̀n ọdún nígbà yẹn. Ó di 2018 kí wọ́n tó ṣí wọn padà. Mo ti wo fíìmù tí wàhálà rẹ̀ kò tó ìdajì èyí, tó jẹ́ pé ariwo wàhálà náà nìkan là ń gbọ́ nínú rẹ̀. Èyí fara balẹ̀. Waad Mohammed, tó ṣe Wadjda, tí kò sì ṣe fíìmù rí tẹ́lẹ̀, ń rìn nínú bàtà kánfáàsì rẹ̀ bí ẹni pé kò sí kámẹ́rà lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ìran orí òrùlé ló wú mi lórí jù. Abdullah, ọmọkùnrin àdúgbò, ti gbé kẹ̀kẹ́ wá kí Wadjda lè fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń gùn ún. Ìyá yọ lójijì, ọmọ ṣubú, ó ké pé ẹ̀jẹ̀ ń jáde lára òun. Ìyá fọwọ́ bojú, kò fẹ́ wò, ibàlé ọmọ ló rò pé ó ti lọ. Ẹ̀jẹ̀ orúnkún ni. Èèyàn á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò ní pẹ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ obìnrin ọ̀dọ̀ wa, torí pé ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni wọ́n fi dá wọn dúró ní kékeré. Ìjókòó kẹ̀kẹ́ lè pa obìnrin lára lóòótọ́. Èyí tí kò gba egungun ìdí rẹ̀ dáadáa á máa bó o lábẹ́, á sì jẹ́ kí ibẹ̀ kú tipiri. Àmọ́ kì í ṣe ìyẹn ni ìyá ń bẹ̀rù.

Ibí ni mo ti ní ẹjọ́ tí mo fẹ́ bá fíìmù yìí rò. Ojú ni Wadjda fi yan kẹ̀kẹ́. Orí ọkọ̀ ló ti rí i, bí ẹni pé kẹ̀kẹ́ náà ń dá fò kọjá lórí ògiri. Ó lé e, ó béèrè iye rẹ̀, látìgbà náà ó di ọ̀rọ̀ owó. Kò sẹ́ni tó wo gígùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìyá tó padà ra kẹ̀kẹ́ náà fún un kò béèrè. Ọmọ ni, mo gbà. Àgbàlagbà obìnrin tó bá wo fíìmù yìí tán, tó dìde láti lọ ra tirẹ̀, ibi tí fíìmù dákẹ́ sí ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Òǹtajà á ní, "Hajiya, tiyín nìyí o, ti obìnrin ni," nítorí pé wọ́n fi ọ̀dà pupa kùn ún.

Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ obìnrin yìí ti pẹ́ nílẹ̀. Georgena Terry, ẹnjiníà ará Amẹ́ríkà, dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1985. Ó ń ṣe kẹ̀kẹ́ tí táyà iwájú rẹ̀ kéré sí ti ẹ̀yìn, kí fírémù lè kúrú fún obìnrin tí kò ga láìjẹ́ pé ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbá táyà. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá gbà á lẹ́nu rẹ̀, ọ̀dà sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn yí padà, wọn ò fọwọ́ kan ìwọ̀n. Nígbà tó yá, Specialized, ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá náà, yẹ ìwọ̀n ara ẹgbẹẹgbẹ̀rún oníkẹ̀kẹ́ wò, ó ní ìyàtọ̀ láàárín obìnrin kan sí òmíràn pọ̀ ju èyí tó wà láàárín takọtabo lọ, ó sì pa fírémù obìnrin tì. Èmi gbà pẹ̀lú wọn, bí kò bá ti jẹ́ obìnrin kúkúrú là ń sọ. Fún ìyẹn, Terry ṣì jàre.

Ohun tó yẹ kí ẹnì kan ti ṣe fún Wadjda kò gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kó dúró kí ọ̀pá àárín wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀: kí àyè tó íǹṣì kan sí méjì kù. Kó jókòó, kó tẹ pẹ́dà dé ìsàlẹ̀: kí orúnkún ṣẹ́ díẹ̀, kó má nà tán. Kó di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú: bó bá ń nà bí ẹni tó fẹ́ mú ìkòkò lórí pẹpẹ, fírémù ti gùn jù fún un, títi ìjókòó síwájú kò lè tún un ṣe. Irú kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń pè ní hybrid ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún obìnrin Wadata. Ọwọ́ rẹ̀ tọ́ gbọọrọ, èèyàn ò ní tẹ̀ kòlòbà lórí rẹ̀, táyà rẹ̀ sì lè fẹ̀ tó mílímítà 40. Nílùú yìí, èèyàn kì í jìnnà sójú ọ̀dà kó tó kan yanrìn, táyà tín-ín-rín á sì rì. Ẹni tó ń ró ìró tàbí tó ń wọ àbáyà, kó wá èyí tí ọ̀pá àárín rẹ̀ lọ sílẹ̀, tó ní ìbòrí ṣéènì. Lọ́dọ̀ àwọn ará Ouagadougou tí obìnrin ti ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sọ́jà láìsí ẹni tó ń yíjú wò wọ́n, ọ̀rọ̀ yìí ti gbó. Niamey tí ọkọ̀ akérò faba-faba àti alùpùpù gba ìgboro rẹ̀ ló ṣì ṣe àjèjì sí.

Ká padà sí fíìmù. Olùkọ́ àgbà inú rẹ̀ le ju bó ti yẹ lọ, a ò rí ibi kankan tó ti rọ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ bàbá tó fẹ́ gbé ìyàwó kejì nítorí ọmọkùnrin, al-Mansour kò pariwo lé e lórí. Ó kàn fi àwòrán igi ìdílé hàn wá, tí orúkọ ọkùnrin nìkan wà lórí rẹ̀. Wadjda kọ tirẹ̀ sórí bébà péńpé, ó gbé e kọ́ ọ. Nígbà tó padà débẹ̀, ẹnì kan ti yọ ọ́. Níbi tí olórogún ti wọ́pọ̀ bíi tiwa, ìran kékeré yẹn ta èèyàn lára ju wákàtí kan ìwàásù lọ.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2013, ìròyìn gbé e pé wọ́n ti gbà kí obìnrin máa gun kẹ̀kẹ́ nínú ọgbà ìgbafẹ́ ní Sáúdì, bó bá ti bora tán tí ọkùnrin ẹbí rẹ̀ sì wà nítòsí. Wadjda kò dúró de ìyẹn. Ní ìparí, ó já Abdullah sílẹ̀, ó gun kẹ̀kẹ́ dé etí títì márosẹ̀, ó dúró, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni gbogbo ayé ń yìn. Ọwọ́ rẹ̀ ni èmi ń wò. Lórí ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́, ìka kúkúrú kì í ká irin búréékì dáadáa. Síkúrúù kékeré kan máa ń wà lára irin náà tí wọ́n fi ń fà á sún mọ́ ọwọ́, ọ̀pọ̀ oníkẹ̀kẹ́ kò sì mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Pẹ̀lú bí ọkọ̀ ṣe ń sáré kọjá níwájú ọmọ yẹn, ó ní láti jẹ́ pé ẹnì kan ti bá a yí i, wọn ò kàn yà á sínú fíìmù ni.