Ṣẹ̀gilọlá àti Ẹni tí Ó Kọ Ọ́

Ní ọdún 1929, lẹ́tà obìnrin kan ni ó ń mú kí ọ̀pọ̀ ará Èkó máa retí ìwé ìròhìn Akéde Èkó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ṣẹ̀gilọlá ni ó pe ara rẹ̀. Ó ní àìsàn ti dé òun mọ́lẹ̀, ìwà panṣágà ni ó ba ayé òun jẹ́, kí àwọn ọ̀dọ́ sì fi òun ṣe àríkọ́gbọ́n. Àánú rẹ̀ ṣe àwọn ènìyàn. Àwọn kan kọ̀wé sí i. A tilẹ̀ rí ẹni tí ó fi owó ránṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí Ṣẹ̀gilọlá kankan. Isaac Babalọlá Thomas, olóòtú tí ó dá ìwé ìròhìn náà sílẹ̀ ní ọdún 1928, ni ó ń kọ gbogbo rẹ̀. Ní ọdún 1930 ó kó àwọn lẹ́tà náà jọ di ìwé, èyí tí àwọn onímọ̀ kan kà sí ìtàn àròsọ gígùn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Ọdún mẹ́jọ ni ó fi ṣáájú Ògbójú Ọdẹ ti Fágúnwà.

Kí ni ó mú kí àwọn àgbà gbà á gbọ́? Thomas mọ Èkó. Òpópónà tí àwọn tí ń kàwé rẹ̀ ń tọ̀ ni Ṣẹ̀gilọlá ń tọ̀. Orin tí wọ́n mọ̀ ni ó ń kọ. Bí ó ti ń sunkún ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni ó tún ń rántí adùn ìgbà èwe. Bí ènìyàn ti rí gan-an nìyẹn.

Ǹjẹ́ irọ́ kọ́ ni èyí? Bàbá tí ó pa àlọ́ ìjàpá kò purọ́, nítorí igbe "Ààlọ́ o" ti ṣáájú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Thomas kò ké "Ààlọ́ o" fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀gbẹ́ ìròhìn òtítọ́ ni ó to ìtàn rẹ̀ sí. Ẹni tí ó fi owó ránṣẹ́ rò pé aláìsàn ni òun ń ràn lọ́wọ́.

Ẹnìkan lè wí pé, bí ó bá ti jẹ́wọ́, ẹ̀kọ́ náà kì bá tí wọ̀ wọ́n lára. Ṣùgbọ́n àwa tí a mọ òtítọ́ lónìí, ó ṣì ń wọ̀ wá lára! Ìwé náà kò ṣe aláìní ẹ̀tàn kí ó tó dára.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ kọ́ ọgbọ́n ọwọ́ Thomas dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ sọ ìtàn, ẹ kọ́kọ́ ké "Ààlọ́ o."