Ta Ni Òmìrán Nínú Attack on Titan?

Ẹjọ́ kan wà tí kò tíì tán láàárín àwa tá a ń wo ánímè ní Igbó-Elérin àti Okokomaiko: ṣé Eren jàre ni àbí ó jẹ̀bi? Bí iná bá lọ tí jẹnẹrétọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ẹjọ́ yẹn ló máa ń borí ariwo rẹ̀. Mo fẹ́ dá sí i, àmọ́ ojú àwòrán ni mo fẹ́ gbà wọlé. Lójú tèmi, àwọn tó ya eré yìí ti dá ẹjọ́ náà kí àwa tó jókòó sí kóòtù.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ là á fún ẹni tí kò tíì wò ó. Hajime Isayama, ará Jàpáànù, ló kọ ìtàn náà ní ìwé alááwòrán láti 2009 sí 2021. Ilé iṣẹ́ Wit Studio sọ ọ́ di ánímè lóṣù kẹrin 2013. Nígbà tó di oṣù kejìlá 2020, ilé iṣẹ́ MAPPA gba apá ìkẹyìn, wọ́n sì parí rẹ̀ lóṣù kọkànlá 2023. Àwọn èèyàn kan ń gbé inú odi mẹ́ta tó ga tó mítà 50, torí pé òmìrán tó ń jẹ èèyàn kún ìta. Lọ́jọ́ kan, òmìrán tó ga ju odi lọ yọjú, ó sì fi ẹsẹ̀ dá odi lu. Òmìrán mìíràn wọlé, ó jẹ ìyá Eren lójú ọmọ. Ọmọ náà búra pé òun á pa gbogbo wọn run, kò ní ku ẹyọ kan.

Ẹ wo bí Wit Studio ṣe ya apá yìí. Ilà dúdú kíki ni wọ́n fi yí ojú àwọn èèyàn ká, bíi pé kò sí iyèméjì nípa ẹni tí ẹnikẹ́ni jẹ́. Òkè ilé pupa, ojú ọ̀run mọ́, aṣọ àwọn ọmọ ogun aláwọ̀ ewé ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Tí wọ́n bá fi okùn irin fò láàárín ilé, àwa náà ń bá wọn fò ni. Òmìrán tó jẹ ìyá yẹn wá ń rẹ́rìn-ín. Kò bínú sí ẹnikẹ́ni, ó kàn ń jẹun ni. Ta ló máa rí ìyẹn tí kò ní gbè sẹ́yìn Eren? Pańpẹ́ tí wọ́n dẹ fún wa gan-an nìyẹn, a sì kó sínú rẹ̀.

Ìgbà tó yá là ń gbọ́ pé èèyàn ni àwọn òmìrán náà. Ọmọ ìyá àwọn tó wà nínú odi ni wọ́n, àwọn ará Marley lókè òkun ló gún wọn lábẹ́rẹ́ tí wọ́n fi dà bẹ́ẹ̀. Àwọn baba ńlá Eren náà ti fi òmìrán jẹ gàba lórí Marley rí. Inú ògiri odi gan-an ni àwọn òmìrán tó tóbi jù dúró sí. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani.

Nígbà tí MAPPA gbà á, wọ́n gbé wa lọ sí Marley, sọ́dọ̀ àwọn ọmọdé tó ń so àmì mọ́ apá, tí wọ́n sé mọ́ àdúgbò kan ṣoṣo. Ilà tí wọ́n fi yàwòrán ti tín-ín-rín, àwọ̀ ti ṣú bí eérú. Eren wá sábẹ́ ilé kan níbẹ̀, ó mọ̀ pé èèyàn ń gbé lókè, ó sì di òmìrán. Ilé wó lu àwọn tí kò ṣe é ní nǹkan kan. Láti ilẹ̀ ni wọ́n ti jẹ́ ká máa wò ó sókè, bí Eren fúnra rẹ̀ ṣe wo òmìrán lórí odi nígbà tó wà lọ́mọdé.

Níkẹyìn, ó tú àwọn òmìrán inú odi sílẹ̀ kí wọ́n tẹ ayé pa. Ọmọ kékeré kan wà ńbẹ̀, Ramzi, tí Eren ti gbà sílẹ̀ rí, tó sì ti sunkún bẹ̀ ṣáájú torí ohun tó ń bọ̀ wá ṣe. Ramzi àti arákùnrin rẹ̀ ń sáré, ẹsẹ̀ òmìrán bá wọn. Lókè kùrukùru ẹ̀wẹ̀, Eren di ọmọdé, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó ní òmìnira nìyí. Òkè mọ́ tónítóní, ìsàlẹ̀ kún fún ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó bá rí àwòrán méjì yẹn pa pọ̀ tó ṣì ń bi mí bóyá Eren jàre, àfi kó padà lọ wò ó.

Àwọn kan á ní, "Ṣebí àwọn ló kọ́kọ́ ṣe é?" Òótọ́ ni. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Àmọ́ torí ká lè dá ẹjọ́ ire la ṣe ń gbọ́ tọ̀tún tòsì, kì í ṣe torí ká má bàa dá a mọ́. Èmi lè mọ ibi tí ìkà ti kọ́ ìkà, kí n sì pè é ní ìkà.

Kò yẹ kó ṣe àjèjì sí wa. Ojú ọ̀nà tá a ń gbà lọ sí kíláàsì yìí náà ló lọ sí Àgbádárìgì, níbi tí ilé oníyàrá 40 tí wọ́n ń kó ẹrú sí wà títí dòní. Seriki Williams Abass ló ni ín. Ọmọ Jóga-Òrílé ni, wọ́n sì ti ta òun fúnra rẹ̀ lẹ́rú nígbà tó wà ní kékeré. Nígbà tó gbòmìnira, tó délé, òun náà di olówò ẹrú. Ẹni tó ti sùn nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ló ń ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Àánú ọmọdé Jóga yẹn ṣe mí. Ìyẹn ò ní kí n gbàgbé àwọn tó wà nínú yàrá 40 náà.

Ibi tí mo ti bá Isayama jà ni ìparí. Nínú ìwé rẹ̀, Armin ọ̀rẹ́ Eren dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó di apànìyàn nítorí àwọn. Ìdá 80 nínú 100 àwọn èèyàn ayé ti kú o! Nínú ánímè 2023, wọ́n tún un ṣe: Armin gba ẹ̀bi tirẹ̀, ó ní àwọn jọ máa lọ ọ̀run àpáàdì ni. Èyí sàn jù. Síbẹ̀, Eren là ń sunkún fún. Àwọn tí wọ́n tẹ̀ pa, a ò mọ orúkọ wọn.

Bàbá Sasha ni mo gba tirẹ̀. Ọdẹ ni. Ọmọdébìnrin Marley kan, Gabi, ló pa ọmọ rẹ̀. Wọ́n fa Gabi kalẹ̀ níwájú rẹ̀, wọ́n ní kó wá gbẹ̀san. Ó gba ọ̀bẹ náà, ó gbé e sílẹ̀, ó ní àgbà ló yẹ kó kó ọmọdé jáde nínú igbó ìpànìyàn yìí. Kò sí ẹni tó fò, kò sí ilé tó wó. Èmi ò rí akin jùyẹn lọ nínú gbogbo eré náà.

Nígbà ìbò gómìnà 2023 l'Ékòó níbí, a gbọ́ bí ẹnu àwọn kan ṣe ń já nípa ẹ̀yà: "Gbogbo àwọn yẹn, bákan náà ni wọ́n." Àwọn tá a jọ ń ra gàárì lọ́jà Iba ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe ń mọ odi.

Ní 2024, Kugali àti Disney ti ṣe Iwájú, katúùnù tó fi Erékùṣù àti Mainland Èkó han ayé. Ó dáa. Àmọ́ ìtàn ilé oníyàrá 40 ṣì wà ńbẹ̀ tí kò tíì rí ẹni yà á. Ta ni nínú ẹgbẹ́ wa tó máa kọ ọ́, tí kò sì ní fi omijé Abass bo ojú àwọn tó tì mọ́lé?